Ta Ló Ní Kí Wọ́n Bo Fọ́tò Kazusa?

Alága ìjókòó wa, Ọ̀gbẹ́ni Hirukawa, agbẹjọ́rò àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, tí ẹ fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá sókè níbí torí pé lífìtì ilé ìkàwé yìí tún ti kọṣẹ́. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ti àgọ́ ọlọ́pàá wá, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kóòtù wá, ibi tí èmi náà ti wá nígbà kan. Mo kí Ìyáàfin Kuramitsu, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Màá padà sọ́dọ̀ yín, Mà. Ẹ̀yin ni ìdí tí ẹnu mi fi gbẹ láti àárọ̀. Mo kí ẹ̀yin ẹbí. Mi ò ní dárúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tó sọ wá di ojúlùmọ̀ ara wa, kò sì sí ẹni tí ìbá yàn án nínú wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù àárọ̀ yìí.

Alága pè mí sí kọ̀rọ̀ kí n tó gorí pèpéle yìí. Wọ́n ní, "Obata, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwọ tí o ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, o mọ bí a ṣe ń wo aago." Mo dá wọn lóhùn pé, "Alága, akọ̀wé kóòtù kì í sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó sábẹ́ adájọ́ láì la ẹnu. Ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Mo wọ iṣẹ́ kóòtù ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, mo sì fi í sílẹ̀ wá sínú ẹgbẹ́ àwọn ẹbí tí wọ́n pa èèyàn wọn yìí, nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì ń pàdé ní ilé ìdáná Ìyá Kazusa. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n. Èmi ni mo ṣìkarùn-ún, orí àpótí ìrẹsì ni mo sì jókòó sí, torí àga ò kárí. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá pa ọmọ rẹ ní ilẹ̀ Japan yìí, kò sí ẹni tó ní láti sọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ fún ọ. O lè rí i kà nínú ìwé ìròyìn. Bí èrò bá pọ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ ìyá òkú á tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó wá wòran, ẹ ó jọ mú kèké fún àga. Mo ti rí bàbá kan tó mú kèké òfìfo, tó dúró síta nínú yìnyín títí wọ́n fi dá ẹjọ́ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo gbé àpótí kèké náà dání.

Ní ọdún 2008, òfin gbà pé kí ẹbí wọ inú ọgbà kóòtù, kí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa, èmi àti Ìyá Kazusa lọ wò ó. Nígbà tí gbogbo èèyàn jáde tán, Ìyá rìn títí dé ibi igi tó pín kóòtù sí méjì, wọ́n na ọwọ́ kọjá rẹ̀, wọ́n fi ìka kan kan ẹ̀yìn àga tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ẹbí. Wọn ò jókòó. Wọ́n kàn fọwọ́ kàn án, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tó ń sùn láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wò ó. Ó sì dákẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, ṣùgbọ́n ìka ìyá yẹn lára àga yẹn ṣì ń mú kí orí mi wú títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n yin àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ kí n tó gbàgbé. Ìyáàfin Tatebe ló ń gbé fóònù wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè wá kì í lè sọ̀rọ̀, mímí ló máa ń mí lásán. Mo ti jókòó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí mímí náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọn ò ní sọ ju "Mo wà níbí" lọ. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ ò ro ó pé ẹni náà ti lè lọ?" Wọ́n gbọ́wọ́ lé ẹnu fóònù, wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹni tó ti lọ kì í mí." Kí ni mo fẹ́ fi kún un? Ìwé wo ni mo kà tó kọ́ mi nírú ẹ̀?

Isurugi, tó ń gba ipò mi bí mo ṣe ń fẹ̀yìn tì lónìí, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin náà wà nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀.

Mo ní àwọn àṣìṣe tí ẹ ti mọ̀. Mo sọ fún bàbá kan nígbà kan pé kó mọ́kàn le. Ó bi mí pé, "Ọkàn wo?" Láti ọjọ́ náà mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń ṣi ọ̀nà. Mo ti fi ọkọ̀ gbé ẹbí kan lọ sí kóòtù ìlú mìíràn, a dé níbẹ̀ a bá ilẹ̀kùn ní títì, ìyá náà ní, "Ọ̀gbẹ́ni Obata, bóyá wọ́n ti gbọ́ pé à ń bọ̀ ni wọ́n fi sá." Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn, nítorí náà mi ò kábàámọ̀ èyí. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tí ẹ ò mọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Òní ló bá a.

Gbogbo yín lẹ mọ ojú ìwé kìn-ín-ní nínú ìwé kékeré tí ẹgbẹ́ wa ń pín. A ti kà á ní ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní igba. Ó ní ní ọdún 1996, ìyá kan gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pa wá sí kóòtù, adájọ́ sì ní kí wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìbínú ọjọ́ yẹn ló bí ẹgbẹ́ yìí. Orúkọ adájọ́ náà kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìlú yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Adájọ́ Kuramitsu ni. Èmi ni akọ̀wé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ẹni ogún ọdún ni Kazusa Urushibata. Ó ń kọ́ iṣẹ́ eyín ṣíṣe. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló pa á nígbà tó ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọkùnrin náà, òun ló gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kóòtù nígbà yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, òjò ń rọ̀. Ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kóòtù kejì, fọ́tò nínú férémù dání níwájú àyà, rìbọ́ọ̀nù dúdú lára rẹ̀. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ilẹ̀ yìí, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Èmi kì í dúró de ààbọ̀. Mo máa ń yangàn pé mo mọ ohun tí Adájọ́ Kuramitsu fẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan gíláàsì ojú wọn, màá ṣí fèrèsé. Bí wọ́n bá kọ́ ikọ́ kan, omi ti dé. Àwọn akọ̀wé yòókù ń pè mí ní Òjìji Adájọ́, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà. Lọ́jọ́ yẹn, mo wo férémù ọwọ́ ìyá náà, mo rò ó lọ́kàn mi pé èyí yóò dà wọ́n láàmú, wọ́n á ní láti pinnu, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á dìde, àárọ̀ á bàjẹ́. Òfin kankan kò ní kí wọ́n bò ó. Òfin kankan kò sì ní kí wọ́n má bò ó. Adájọ́ nìkan ló lè sọ, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ péré ló sì wà láti ibi tí mo dúró dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn. Mi ò lọ béèrè. Ṣé ẹni tó mọ inú ọ̀gá rẹ̀ á tún lọ máa béèrè?

Mo ní, "Mà, ẹ ò lè gbé e wọlé báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan bò ó."

Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni."

Mo ní, "Mo mọ̀, Mà."

Mi ò mọ nǹkan kan. Mo fa aṣọ kan yọ nínú àpò mi, aṣọ aláró onígun mẹ́rin tí ìyàwó mi fi di oúnjẹ ọ̀sán mi láàárọ̀ yẹn. Mo gba férémù náà lọ́wọ́ wọn. Mo dì í bí a ṣe ń di ẹ̀bùn, mo so ó ní ìdè méjì, ó mọ́ra dáadáa, torí mo mọ nǹkan-dídì. Mi ò wo ojú ọmọ náà. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: mo di ojú èèyàn sínú aṣọ, mi ò sì wò ó.

Ìyá bi mí, ní ohùn pẹ̀lẹ́, pé, "Ṣé Adájọ́ ló ní bẹ́ẹ̀?"

Mo tẹrí ba.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò la ẹnu. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ mọ oríṣiríṣi ohun tí èèyàn lè fi orí títẹ̀ sọ. Ó lè jẹ́ "ẹ má bínú." Ó lè jẹ́ "ẹ kú àárọ̀." Èyí tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń jẹ́, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹjọ́ náà gbà. Ìyá jókòó ní ìlà kẹta, ẹrù aláró náà lórí itan wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì lé e lórí. Mo ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe Kazusa lórúkọ rẹ̀, "olóògbé" ni wọ́n ń pè é. Síbẹ̀ mo sọ fún yín, kò sí ohun tó tóbi tó ẹrù yẹn nínú gbogbo kóòtù náà. Adájọ́ lórí àga gíga, àwọn agbẹjọ́rò pẹ̀lú ìwé rẹpẹtẹ, ọlọ́pàá méjì, olùjẹ́jọ́: gbogbo wa kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìyá yẹn gbé lé itan. Bí mo bá ṣí fọ́tò náà sílẹ̀, bóyá ojú ọmọ kan là bá rí. Nígbà tí mo bò ó, ó di ojú gbogbo ọmọ. Ẹ̀rù bà mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù bà mí nínú kóòtù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dá ẹjọ́ tán, mo yọjú sí fèrèsé. Ìyá wà ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì, wọ́n ti tú aṣọ náà. Wọ́n gbé férémù sókè kí ojú rẹ̀ lè rí ìta. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, torí fèrèsé ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ooru mú ẹ nínú ẹ̀, àbí? Má bínú. Wọn ò fẹ́ rí ẹ ni."

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ń sọ pé Obata fi owó ìfẹ̀yìntì ìjọba sílẹ̀ nítorí àánú. Àánú kọ́. Mo ń sá tẹ̀ lé aṣọ oúnjẹ mi ni.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ rò pé mi ò fẹ́ sọ ọ́? Mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ti jáde, ẹgbẹ́ ti ń dàgbà, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́, màá ba iṣẹ́ jẹ́. Irú ọgbọ́n yẹn kì í tán lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ẹ wá rántí ọdún 2005. Gbọ̀ngàn yìí ni. Ìpàdé ọdọọdún, ní ọ̀sán. Ìyá Kazusa wà lórí pèpéle yìí gan-an, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wọn. Adájọ́ Kuramitsu, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì dúró sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bàtà. Ìyá rí wọn. Wọ́n ní, "Adájọ́! Kí lẹ wá wò? Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi aṣọ bo ọmọ mi. Ojú tí ẹ ò fẹ́ rí nígbà yẹn lẹ wá wá níbí?"

Adájọ́ ní, "Aṣọ?" Ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé ni. Lẹ́yìn náà ojú wọn kúrò lára Ìyá, ó ń rìn káàkiri ilé títí ó fi bá mi níbi tí mo ti ń bu tíì. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí wọ́n ní mo mọ inú ọ̀gá mi ju ọ̀gá mi lọ, ọ̀gá mi ló wo ojú mi lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ tán ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Wọ́n lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ní láti na ìka kan sí mi. Wọ́n yíjú sí Ìyá, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ẹ̀yìn wọn ti há. Wọ́n ní, "Kóòtù mi ni. Èmi ni. Ẹ forí jì mí." Wọ́n wọ bàtà wọn. Okùn bàtà náà kò tètè so. Wọ́n lọ.

Ilé sì pàtẹ́wọ́ fún Ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Adájọ́ kú ní ọdún 2014. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni.

Ní oṣù tó kọjá ni mo fa ìwé kékeré náà lé Isurugi lọ́wọ́. Wọ́n ka ojú ìwé kìn-ín-ní, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Báwo ni Adájọ́ ṣe sọ ọ́ gan-an? Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á béèrè lọ́wọ́ mi." Mo ní màá rántí. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè. Mo jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ sílé Ìyá Kazusa.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó èso kakí tí wọ́n fẹ́ so rọ̀ kó gbẹ. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, mú ọ̀bẹ kan. Ẹni tó bá wá lásán kì í jẹ nínú ẹ̀." Mo jókòó, mo bó mẹ́ta, mo sì sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Wọn ò dá ọ̀bẹ dúró. Èèpo náà ń gùn sí i, kò já.

Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Nítorí náà Adájọ́ kò mọ̀ pé ọmọ mi wá sí kóòtù."

Mo ní, "Wọn ò mọ̀, Mà."

"Mo lé e jáde."

"Ẹ lé wọn jáde, Mà."

"Ìwọ ń bu tíì."

"Mò ń bu tíì."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, aṣọ aláró náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ láti ọjọ́ náà, wọ́n rò pé aṣọ ìjọba ni. Wọ́n jù ú sí itan mi. Wọ́n ní, "Ṣe ni mò ń ronú láti ọdún yẹn wá pé kí ló dé tí aṣọ kóòtù fi ń rùn bí ẹja dídín."

Mo sunkún, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún, wọn ò fún mi ní nǹkan tí màá fi nu ojú. Wọn ò sọ pé àwọn forí jì mí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì sọ ọ́ títí di ìsinsìnyí. Mo bi wọ́n pé kí ni kí a ṣe sí ìwé ẹgbẹ́, ṣé kí a kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́ kó nílẹ̀? Aṣọ bo ọmọ mi, àbí kò bò ó? Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Orúkọ ẹni tó so ó ni kẹ́ ẹ tún kọ." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ibi tí mo ti lé ọkùnrin yẹn, ibẹ̀ ni wàá ti sọ ọ́. Kí ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwọ tó bò ó ni wàá ṣí i."

Ìyáàfin Kuramitsu, nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, ẹ dákẹ́ pẹ́ títí, mo sì ṣe bí Ìyáàfin Tatebe, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ yín ti ibí délé lọ́jọ́ náà, wọn ò bọ́ ẹ̀wù òtútù. Wọ́n jókòó, wọ́n bi yín pé, "Báwo ni fọ́tò inú férémù ṣe máa ń tóbi tó?" Ẹ fi ọwọ́ yín méjèèjì wọ̀n ọ́n fún wọn. Wọ́n wo àlàfo àárín ọwọ́ yín fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ní, "Kékeré báyìí. Ó wà níwájú mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò béèrè ohun tó wà nínú ẹrù náà." Ẹ ní wọn ò dárúkọ mi fún yín. Títí wọ́n fi kú.

Mà, mo jí orúkọ rere ọkọ yín. Ọ̀la yìí ni ojú ìwé kìn-ín-ní máa yí padà. Mo ti kọ èyí tuntun, Isurugi ti kà á, orúkọ mi wà nínú rẹ̀ ní kíkún. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé oúnjẹ wà níwájú yín. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣe é kò gbàgbé fún ọjọ́ kan, ẹ̀yin tí ẹ kó o ni ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà. Ẹni tó bá gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kóòtù, kó má pàdé irú akọ̀wé tí mo jẹ́. Ẹ̀yin akọ̀wé tí ẹ wà níbí, kí ẹsẹ̀ yín yá láti rin ìgbésẹ̀ mẹ́jọ yẹn lọ béèrè. Kí fóònù ẹgbẹ́ yìí má dún mọ́. Bí ó bá sì gbọdọ̀ dún, kí ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbọ́ mímí wà nídìí rẹ̀. Isurugi, kí ẹ ṣe é jù mí lọ, kó sì yá yín lára láti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí ẹ̀yin ẹbí máa rí ẹni tí yóò pe òkú yín lórúkọ. Kí Adájọ́ Kuramitsu sinmi. Kí lífìtì ilé yìí náà gbádùn, ẹ ṣe àmín.

Ó ku nǹkan kan.

Ìyá Kazusa, ẹ gbé e bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ náà nìyí. Ìyá ló tún fi di férémù náà láàárọ̀ yìí, ìdè méjì, bí mo ṣe dì í. Ìyáàfin Kuramitsu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, níwájú níbí.

Ó le o. Ìyá, ìdè yín ju tèmi lọ.

Mo gbọ́, Mà. Ẹ ní kí n rọra, kí n má fà á.

Ó ti tú.

Ìyáàfin Kuramitsu, ẹ wò ó. Èmi náà ń wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ mi rèé. Abẹ́ igi kakí ló dúró sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún èso, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì lè la ẹnu. Kazusa Urushibata rèé, ẹni ogún ọdún. Ó wá sí kóòtù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó, kò sí ẹni tó kí i.

Kazusa, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú pé a pẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́, mo sì tẹrí ba. Ẹ ṣé o.